Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Ọmọ tó kàwé nílé náà lè wọ yunifásítì

Lọ́dọọdún, bí àjọ JAMB bá ti kéde pé fọ́ọ̀mù ìdánwò àtiwọ yunifásítì ti jáde, àwọn òbí kan wà tí ọkàn wọn kì í balẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ wọn kò mọ̀wé, kì í sì í ṣe pé owó fọ́ọ̀mù ti wọ́n jù fún wọn. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé ọmọ náà kò sí ní ilé-ìwé kankan. Òmíràn nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fi girama sílẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a dúró sílé fún ọdún méjì. Òmíràn ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́sàn-án, ó ń kàwé lálẹ́. Òmíràn jẹ́ ọmọbìnrin tó bímọ láìròtẹ́lẹ̀, tí ojú sì ń tì í láti padà sáàárín àwọn ọmọ tí kò tó o. Àwọn díẹ̀ tún wà, pàápàá ní ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn, tó jẹ́ pé òbí wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ mú wọn kúrò nílé-ìwé, tí ìyá tàbí tíṣà tí wọ́n gbà sílé sì ń kọ́ wọn ní ohun tí ẹgbẹ́ wọn ń kọ́ ní kíláàsì. Ipò wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: yunifásítì wo ni yóò gba ọmọ tí kò ní ilé-ìwé?

Ìdáhùn ìbéèrè náà kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ohun tí yunifásítì ilẹ̀ yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ wọlé kò pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú àwọn iṣẹ́ tó bá ohun tó fẹ́ lọ kà mu, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn, tí ìṣirò náà sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ìdánwò tó fi kó wọn jọ kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ó gbọ́dọ̀ jókòó fún ìdánwò JAMB, kí máàkì rẹ̀ tó iye tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè, àjọ WAEC àti àjọ NECO sì ní ìdánwò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé. Òun ni àwọn àgbà ṣì ń pè ní GCE títí di òní.

Bí ọ̀nà yìí bá ṣí sílẹ̀, kí ló wá dé tí òbí fi ń sáré kiri? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyí. Kí ènìyàn wo bàbá kan tó ń gbin kòkó ní agbègbè Ìdànrè, tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin girama, tó sì ti ń kàwé nílé fún ọdún méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Ọmọ náà mọ̀wé. Bàbá wá wọ ìlú lọ wádìí ohun tó kù láti ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀ lè má jẹ́ òṣìṣẹ́ WAEC rárá. Nígbà púpọ̀, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ́sìn tó lẹ pátákó mọ́ ara ògiri ní ojú títì ni yóò kọ́kọ́ pàdé.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ ṣáà kó owó wá. Wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ilé-ìwé kan. Ọjọ́ ìdánwò nìkan ni yóò wá síbẹ̀."

"Ṣé wọn kò ní mọ̀ pé kò kàwé níbẹ̀?"

"Ta ni yóò béèrè, Bàbá? Ìwé-ẹ̀rí kì í sọ̀rọ̀."

Bí bàbá ṣe máa ta àpò kòkó méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn, tí yóò fi ra orúkọ ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò dé rí. Lójú rẹ̀, oore ló ṣe fún ọmọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó san owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ láti sọ ọmọ tó mọ̀wé di ọmọ tó ní ohun tí yóò máa fi pamọ́.

Nítorí kí ni? Nítorí pé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé-ìwé, èyí tí wọ́n máa ń ṣe láàárín ọdún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdánwò nìkan. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi máàkì iṣẹ́ tí ọmọ ti ń ṣe bọ̀ ní kíláàsì ránṣẹ́ sí WAEC. Ọmọ tí kò jókòó ní kíláàsì yẹn rí, níbo ni máàkì rẹ̀ ti wá? Ńṣe ni ẹnì kan jókòó ní ọ́fíìsì, tó ń ro máàkì láti inú orí ara rẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ ni ìpìlẹ̀ ìwé-ẹ̀rí náà kí ọmọ tó gbé báírò.

Lọ́nà kejì, ilé-ìwé tó bá ń ta àyè báyìí kì í ta á fún ọmọ tó mọ̀wé nìkan. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn yẹn kò sì wá síbẹ̀ tìtorí àtidá ṣe ìdánwò. Wọn yóò kọ ìdáhùn sójú pátákó, wọn yóò pín in kiri. Bí àṣírí bá tú, WAEC kì í yọ ọmọ kan ṣoṣo sọ́tọ̀. Ó lè dá èsì gbogbo séńtà náà dúró, ó sì lè fagi lé e. Àwọn ilé-ìwé mìíràn wà tí àjọ náà ti gba àṣẹ ìdánwò kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ọmọ àgbẹ̀ tó dá kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òógùn ojú rẹ̀ yóò wá máa dúró de èsì tí kò ní jáde. Kí wọ́n má sì gbàgbé pé òfin kan wà láti ọdún 1999 tó de màgòmágó nínú ìdánwò, tó sì ní ẹ̀wọ̀n nínú. Ọmọ, tíṣà àti ọ̀gá ilé-ìwé ni òfin náà ń bá wí.

Àwọn àgbàlagbà tó ń ka èyí yóò rántí pé kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ìgbà kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé iyì ńlá ni kí ènìyàn kàwé nílé kí ó sì yege. Ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọmọ tó ka Modern School tán tí kò rówó lọ girama kì í jókòó kó máa sunkún. Yóò gba iṣẹ́ kékeré kan, yóò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Rapid Results College tàbí Wolsey Hall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò sì máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i nínú lẹ́tà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò tan àtùpà. Àwọn tíṣà Grade Two ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní abúlé tí ọkọ̀ kò dé, tí wọ́n ń gba GCE níkọ̀ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yìí, ìtàn lọ́dún tó ń bọ̀, títí wọ́n fi wọ Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀. Àwọn kan nínú wọn padà wá di ọ̀gá àgbà ní ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà kékeré. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé yúnífọ́ọ̀mù wo ni wọ́n wọ̀.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ni ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́, bàbá rẹ̀ sì kú lọ́dún 1920 nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti di ẹ̀kọ́ àjàgbà. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe òwò. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kàwé nílé títí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944 láì jókòó ní kíláàsì yunifásítì náà. Lẹ́yìn tó gba oyè yẹn ló tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ọkùnrin tó kàwé nílé yìí kan náà ni ìjọba rẹ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀kọ́ ilé àti ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ń bá ara wọn jà, kí ó wo ìgbésí ayé Awólọ́wọ̀ dáadáa.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan yé òbí níbí, kí wọ́n má baà ṣi èyí lò. Òfin UBE tó jáde lọ́dún 2004 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo òbí láti rí i pé ọmọ wọn parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́fà àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Ìjìyà wà fún ẹni tó bá kọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè gùn lé láti fi ọmọ ọdún mẹ́jọ sí oko tàbí sídìí àtẹ, kí ó máa wí pé òun ń kọ́ ọ nílé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí wà fún ni ọmọ tó ti kọjá ọdún mẹ́sàn-án yẹn, tí nǹkan sì yí ọ̀nà rẹ̀ padà, tàbí ọmọ tí ẹ̀kọ́ gidi ń lọ lórí rẹ̀ nílé lójoojúmọ́, tí ìwé àti tíṣà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ gidi yẹn ni owó kòkó yẹ kó bá lọ. Iye tí onílẹ́sìn ń gbà fún àyè àdàmọ̀ kan lè san owó tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àti tíṣà ìṣirò fún oṣù púpọ̀, kó tún ra àwọn ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá. Ohun tó ń bá òbí jà ni pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń kàwé nílé nílò tó ọdún méjì kí ó tó lọ jókòó níwájú ìdánwò, nítorí kò sí aago tó ń lù fún un, kò sì sí ẹgbẹ́ tí yóò fi ara rẹ̀ wé.

Ìdánwò WAEC fún àwọn ará ìta, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún láti ọdún 2018, èkíní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èkejì ní apá ìparí rẹ̀. NECO náà ní tirẹ̀ ní ìparí ọdún. Kí òbí tó san kọ́bọ̀, kí ó gba ìwé ìlànà ọdún náà, kí ó sì ka ibi tí wọ́n ti kọ irú ẹni tó lè forúkọ sílẹ̀ sí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí ó wá ẹni tí yóò kà á fún un, kí ẹni náà má sì jẹ́ onílẹ́sìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni WAEC ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn ará ìta yìí. Ìdánwò JAMB ní tirẹ̀ ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò máa wá bọ́tìnnì kiri nígbà tí àkókò ń lọ. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń bi ọmọ láàárín wákàtí méjì, ọgọ́ta nínú Gẹ̀ẹ́sì, ogójì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Kò sí àyè fún ìwòyekòye níbẹ̀. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà lábúlé, kí ọmọ lọ gbé ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní ìlú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìdánwò tó dé.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn tó fẹ́ ka iṣẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pé níbo ni ọmọ ilé yóò ti rí yàrá tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà. Ìlànà WAEC ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò, ìbéèrè orí ìwé tó dá lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ará ìta. Àmọ́ ẹni tí kò rí ohun tí wọ́n ń sọ rí yóò kọsẹ̀. Àwọn àwòrán ìgò oníwọ̀n, ohun tó yí àwọ̀ padà, bí ewé ṣe rí nínú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, gbogbo èyí ni wọ́n máa ń bi í. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní girama ìtòsí lè gba ọmọ láyè lọ́jọ́ Sátidé mélòó kan bí wọ́n bá fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yìí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àyè àdàmọ̀.

Ohun tó tún ń da ọ̀pọ̀ ọmọ oko padà ni ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọjọ́ orí. Láti ọdún 2021, ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN kò lè gba fọ́ọ̀mù JAMB. Inú àkọsílẹ̀ NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Bí akọ̀wé NIN bá ti kọ Ọláníyì ní Ọláníyan, tàbí tó fi ọdún méjì dín ọjọ́ orí ọmọ kù nítorí pé bàbá kò rántí dáadáa, àṣìṣe náà ni yóò tẹ̀ lé ọmọ wọ WAEC, wọ JAMB, wọ yunifásítì. Ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀gá tó máa ń yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Ọmọ ilé kò ní. Kí òbí gba ìwé ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, kí orúkọ tó wà lórí gbogbo ìwé sì jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọdún ìdánwò tó dé.

Lórí ọjọ́ orí yìí, ìjọba àpapọ̀ da ọkàn àwọn òbí rú lọ́dún 2024. Mínísítà ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé ọmọ tí kò bá tó ọdún 18 kò ní wọ yunifásítì mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni ẹni tó gbapò rẹ̀, Dókítà Tunji Alausa, fagi lé e, tí wọ́n sì fi í sí ọdún 16. Àwọn tí ariwo náà bá jù ni àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, nítorí ọmọ tó dá kàwé sábà máa ń yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìjọba bá tún fẹ́ yí ọjọ́ orí padà, ó tọ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ará ìlú ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú.

Ẹni tí kò bá sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti lọ gbé ní ọgbà yunifásítì, National Open University wà níbẹ̀. Ìjọba Shagari ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983, àwọn ológun tì í pa lọ́dún 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ sì tún un ṣí. Kírẹ́díìtì márùn-ún náà ni wọ́n ń béèrè, kò sì pọn dandan kí ènìyàn jókòó ṣe ìdánwò JAMB kí ó tó wọ ibẹ̀. Àwọn àgbà yóò rántí pé Olóyè Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò nípò ààrẹ, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run lọ́dún 2018. Bí ènìyàn bá lè jẹ ààrẹ tán kó máa kàwé láti ilé, ọmọ tẹ́lọ̀ kò ní ohun tí yóò tijú sí.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí òbí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yanjú ló kù. Bí ọmọ bá ti yege nínú ohun gbogbo, tí orúkọ rẹ̀ sì ti jáde, yóò dé yunifásítì láti forúkọ sílẹ̀. Àwọn yunifásítì kan yóò ní kí ó mú ìwé ìjẹ́rìí ìwà wá láti ilé-ìwé girama tó kà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ ilé ti ń yọ̀. Ìbẹ̀rù ìwé kan ṣoṣo yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ òbí lọ sọ́dọ̀ onílẹ́sìn ní ọdún méjì ṣáájú, nítorí onílẹ́sìn mọ̀ pé ilé-ìwé tó ta àyè yóò ta ìwé náà pẹ̀lú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà lè la àwọn aláṣẹ lójú. Gbogbo ìpínlẹ̀ àádọ́ta tó wà níbẹ̀ ni òfin ti gba òbí láyè láti kọ́ ọmọ nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà wọn yàtọ̀ síra. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ wọ yunifásítì, òbí rẹ̀ ni yóò kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó kọ́ ọ, ìwé tí wọ́n lò, àti máàkì tó gbà. Fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn jọ ń lò ní àyè fún ọmọ tó kàwé nílé, òbí sì lè dúró sí ipò olùdámọ̀ràn ilé-ìwé níbẹ̀. Yunifásítì kò kàn ń gba ọ̀rọ̀ òbí gbọ́ bẹ́ẹ̀ o. Wọn yóò wo máàkì ìdánwò tí ọmọ ṣe lábẹ́ ojú ẹlòmíràn, wọ́n sì lè béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ olùkọ́ tí kì í ṣe ẹbí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston tàbí Maryland tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé, ọ̀nà yìí ló wà fún wọn.

Kò sí ìdí tí a ó fi gbé gbogbo àṣà Amẹ́ríkà wá sílé. Ilẹ̀ yìí ní WAEC, NECO àti JAMB, ìdánwò mẹ́ta tí kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì tó láti mọ ẹni tó mọ̀wé. Ohun tó yẹ kí ó wọlé wá ni àyè kékeré tó wà lórí fọ́ọ̀mù wọn. Kí JAMB àti àjọ tó ń bójú tó yunifásítì pàṣẹ pé ọmọ tó fi èsì ìdánwò ará ìta wọlé kò nílò ìwé láti ilé-ìwé girama. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹlẹ́rìí ìwà, ọba ìlú wà, baálẹ̀ wà, àlùfáà àti ìmáàmù wà, ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ náà wà. Wọ́n mọ ọmọ náà ju ọ̀gá ilé-ìwé tó gbowó kọ orúkọ rẹ̀ lọ.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ti wọn láti ṣe. Yàrá ìkàwé kan tí iná wà nínú rẹ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, kò ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń rán aṣọ lọ́sàn-án yóò rí ibi jókòó sí lálẹ́. Owó tí wọ́n fi ń ra fọ́ọ̀mù JAMB pín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀, ì bá ti kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìwé ìjẹ́rìí, akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ kò ní agbára láti yí nǹkan kan padà. Ohun tó wà nínú ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ fún un ni yóò máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa sàmì sí i bí wọ́n bá ti mú un wá. Inú ìwé yẹn gan-an ni kí àwọn aláṣẹ yunifásítì kọ ọ̀rọ̀ ọmọ ilé sí, kí fọ́ọ̀mù JAMB mìíràn tó jáde.